Orúnkún Mi Ló Kọ̀, Èmi Kọ́

Ẹni méjì péré ni à ń wẹ̀ ní Ìwó: ọmọ tuntun àti òkú. Èmi Mùínàt, ìyá Mùbárákù, ó ti tó ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí mo ti kúrò nípò àkọ́kọ́, n kò sì tíì dé ipò kejì. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi mú obìnrin kan wá láti Ìbàdàn pé kó máa wẹ̀ mí, ohun tí mo bi obìnrin náà ni pé èwo nínú méjèèjì ló rí lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀bi tèmi wà, torí èmi náà jẹ̀bi.

Inú yàrá méjì tí bàbá Mùbárákù kọ́ kó tó kú ni mò ń gbé. Mùrí aránṣọ ló gba ṣọ́ọ̀bù iwájú. Kò sí ẹni tó ń jí mi láàárọ̀. Kí lèmọ́mù tó wúkọ́ sínú gbohùngbohùn, mo ti ṣe àlùwàlá tèmi tán. Mo máa kírun, mo máa gbálẹ̀, mo máa po ẹ̀kọ. Tí oòrùn bá yọ díẹ̀, mo máa gbé omi lọ sí balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùnlé, màá fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú ha ara mi bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ọmú mi, mo ní láti gbé wọn kọ́ èjìká kí n tó rí àyà fọ̀. Ìdí mi ti wó wálẹ̀ bí àpò gààrí tí wọ́n ti tà dé ìsàlẹ̀, mo sì mọ bí mo ṣe ń gbé e sókè kí omi lè dé abẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀rín á gbé mi níbẹ̀, èmi nìkan. Ṣùgbọ́n ara mi ni. Ọwọ́ mi ló mọ ọ̀nà ibẹ̀, kò sí kọ́nà tó fi pamọ́ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn màá fi òrí pa ẹsẹ̀, màá lé tìróò, màá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Odò-Orí níbi tí mo ti ń ta ẹ̀gúsí. Ọwọ́ mi kan náà ni mo fi ń bó o.

Báyìí ni mo wà tí Ọjọ́bọ̀ kan fi dé. Ìrun Alásàrí ni mò ń kí. Mo forí kanlẹ̀, mo wí ohun tí à ń wí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní kí n dìde, orúnkún ní òun kò lọ. Mo tún un wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí i, bóyá kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Kò dá mi lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo wà níbẹ̀, iwájú orí nílẹ̀, ìdí lókè, bí adìyẹ tó ń wá ọkà lábẹ́ àpótí.

Mo ti ń ṣírò bí màá ṣe wọ́ dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí Mùrí yọjú lójú fèrèsé. Ó fẹ́ bu ẹ̀yinná sínú irin tó fi ń lọ aṣọ. Ó pè mí. N kò dáhùn, ẹni tó ń kírun kì í sọ̀rọ̀. Ó tún pè mí. Ẹ̀sìn tún dí mi lẹ́nu. Ni Mùrí bá fi igbe ta, ó ju irin sílẹ̀, ó ń sá lọ, ó ń tẹ fóònù.

Kó tó padà dé, mo ti yí gbiri sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ti rá dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ti fa ara mi gòkè. Níbi tí mo ti ń fà á ni atẹ́gùn kan ti jáde lára mi tó ba àlùwàlá jẹ́, gbogbo ìrun tí mo torí rẹ̀ jìyà di òfo. Mùrí wọlé bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ti pe Bọ̀dá Mùbárákù pé Màmá ò mira mọ́ lórí ìrun. Mo ní àdúà ni mò ń ṣe. Ó ní, àdúà tó pẹ́ tó yẹn? Mo ní èyí tí wọ́n ń ṣe fún aránṣọ tí kì í jọ̀wọ́ aṣọ lọ́jọ́ tó bá dá.

Irọ́ ni mo pa. Ó sì ti tó oṣù mẹ́jọ tí orúnkún yẹn ti ń ṣe mí bẹ́ẹ̀, tí mò ń fi bẹ́ẹ̀dì gùn dìde lórí ìrun bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. N kò sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ kejì ni Mùbárákù dé. Òun ni àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ọ̀gá ni níbi iṣẹ́ ìjọba n'Ìbàdàn. Ikùn rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé, òun náà tẹ̀lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó dìde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré láti Kuta. Ó kó ohun mẹ́ta wá: àga onítáyà kan tí wọ́n fi ń ti aláìsàn, àpò pámpáàsì àgbàlagbà kan, àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Oyèníkẹ́, aláṣọ funfun, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tọ́jú arúgbó nílé onílé.

Ìdúró ni Mùbárákù wà tó fi sọ gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń kéde. Oyèníkẹ́ yóò wà lọ́dọ̀ mi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò gbé ọkọ̀ wá kó ẹrù mi, ó di Ìbàdàn nìyẹn. Òun ti tún yàrá kan ṣe, òun ti fi táìsì sí i. Yàrá méjì mi yìí, Mùrí lè gbà á kún ṣọ́ọ̀bù. Kò bi mí léèrè nǹkan kan. Àfi ìgbà tó wá rí i pé ojú mi ti yí padà ló wá fi òwe tì í.

"Màámi, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu."

Mo ní, "Gbé ọmú náà wá kí n kọ́kọ́ wò ó. Eyín mẹ́rìnlélógún ló kù sí mi lẹ́nu."

Ó yára fa agbádá bo àyà. Ọmú rẹ̀ sì ti ń tóbi lóòótọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi lọ. Nígbà tó lọ tán, ẹ̀rín náà lọ. Mo mọ Ìbàdàn yẹn, mo ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ rí. Wọ́n á gbé mi kalẹ̀ síwájú tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀, wọ́n á wá kó mi níbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tí mo bá mú ìgbálẹ̀, Haneefah ìyàwó Mùbárákù á gbà á lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí ọmọdé bá mú ọ̀bẹ. Tí mo bá wọ ilé ìdáná, gbogbo wọn á dìde. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹwàá, n kò mọ ọjọ́ tí ọjà ń ná mọ́, mo sì ti ń bi wọ́n bóyá mo ti jẹun. Ẹni tí kò bá ní nǹkan kan láti ṣe láti òwúrọ̀, ikú ló máa ń wá bá a tàkúrọ̀sọ. Bí wọ́n bá gbé mi kúrò nílé mi, n kò ní padà síbẹ̀ lóòyẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Oyèníkẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò kéré, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, orí rẹ̀ ti funfun lábẹ́ fìlà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ náà. Ohùn tí wọ́n fi ń tan ọmọ kó lè gbé àgbo mì ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀: Gránmà, ṣé a ti jẹun? Gránmà, ṣé a ti tọ̀? Mo ní èmi ti tọ̀, n kò mọ̀ nípa tìrẹ. Ó gún iṣu mi di ohun tí à ń fún ọmọ tó ń hu eyín. Ó kó ọ̀bẹ mi pamọ́, mo wá ń fi eyín já ewé ẹ̀fọ́ bí ewúrẹ́. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń kọ gbogbo ohun tó bá jáde lára mi sí, iye ìgbà, àti bó ṣe rí. Mo ti bímọ márùn-ún, mo ti sin ọkọ, mo ti lọ sí Mẹ́kà, kò sí ẹni tó kọ ìwé kan nípa mi rí. Ìgbà tí wọ́n máa kọ ọ́, ìgbẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní ti pámpáàsì, mo yọ ọ̀kan, mo wò ó níwá lẹ́yìn, mo fi nu epo tó dà sórí tábìlì. Ó ń fa nǹkan dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀ràn ìwẹ̀ dé. Mo ti sọ ohun tí mo bi í. Ó ní bí n kò bá tilẹ̀ jẹ́ kí òun wẹ̀ mí, ó kéré tán òun yóò gbé omi fún mi dé balùwẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ìdajì garawa ni mo máa ń gbé, màá rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní rárá, iṣẹ́ òun ni. Ó rọ garawa kún dé ẹnu, ó tẹ̀ ba, ó gbé e. Nǹkan kan ró kọ́ ní ìbàdí rẹ̀. Garawa sọ̀kalẹ̀, òun kò lè nàró mọ́, ó tẹ̀ síbẹ̀ bí afárá.

Èmi ni mo mú un lọ́wọ́ wọlé. Mo da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo yọ́ òrí lórí iná, mo ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí ra ìbàdí rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹni tí wọ́n gbé wá kó wá gbé mi. N kò fi èébú kankan pamọ́. Mo ní kó mú ìwé rẹ̀ wá kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nọ́ọ̀sì ti dá ní méjì láago mẹ́jọ. Ó ń jẹ ìrora, ó tún ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wà nínú ìrọ̀rí. Ibẹ̀ ló wà tó fi sọ ọ́.

"Màmá, mo ti ń rí yín lórí ìrun. Lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, bẹ́ẹ̀dì lẹ fi ń gùn dìde. Mi ò tíì kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gá bá bi mí lọ́jọ́ Àìkú, mi ò ní purọ́."

Ọwọ́ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tún fi kún un pé, ẹ ò ṣe jókòó sórí àga kírun bí àwọn ẹgbẹ́ yín?

Ọ̀rọ̀ àga yẹn ló gún mi ju ti ìwé lọ, ìtìjú ni ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi kan wà, Ìyá Sirajudeen. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń jókòó kírun ní ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin ní mọ́ṣáláṣí wa. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Adájọ́. Bó bá ti ń bọ̀ pẹ̀lú àga rọ́bà rẹ̀ ní abíyá, màá ní kí gbogbo ilé ẹjọ́ dìde. Àwọn obìnrin á rẹ́rìn-ín, èmi á tún máa dá kún un, pé Ọlọ́run fún wa ní ilẹ̀ pé ká foríkàn, àwọn kan ní kí wọ́n lọ pe káfíńtà. Gbogbo ìgbà tí mò ń sọ èyí, orúnkún tèmi náà ti ń ké. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n máa rá nílẹ̀ yàrá mi bí alángbá ju kí obìnrin yẹn rí ìdí mi lórí àga. Ẹ sọ fún mi, ta ni òmùgọ̀ jù nínú èmi àti ẹni tó gún iṣu fún eléyín mẹ́rìnlélógún?

Ọjọ́rú, mo jókòó ti ẹ̀gúsí, mò ń bó o, mò ń rò ó. Bí Oyèníkẹ́ bá sọ ọ́, Ìbàdàn ni. Bí kò bá sọ ọ́, lọ́jọ́ kan èmi yóò tún dojú bolẹ̀ síbẹ̀, Mùrí kò sì ní fẹ́ ẹ̀yinná lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ mi rò pé kò sí ohun tí mo lè ṣe mọ́. Èmi náà ń ṣe bí ẹni pé kò sí ohun tí n kò lè ṣe. Irọ́ tèmi kò sàn ju tiwọn lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé Ìyá Sirajudeen. Ó ń ṣa ẹ̀wà lójúde. Mo kí i, ó kí mi, ojú rẹ̀ ń wá ibi tí èébú máa gbà jáde. Mo sọ ọ́ fún un láìfi bọpo bọyọ̀, orúnkún, bẹ́ẹ̀dì, oṣù mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀. Ó gbé atẹ ẹ̀wà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ìró rẹ̀ fi tú, ó fi ìborùn nu ojú, ó wò mí, ó tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó ní kí n kúnlẹ̀ bẹ òun. Mo ní orúnkún tí mo torí rẹ̀ wá ni kó tún fi jẹ mí níyà? Ó ní kò burú, kí n bẹ òun lóòró.

Mo dúró síwájú rẹ̀. "Ìyá Sirajudeen, má bínú. Ẹnu mi ló gùn ju ẹsẹ̀ mi lọ."

"Ó ti gùn tipẹ́," ló wí. "Wá jókòó kí n fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ọ́, aláìmọ̀kan."

Ó sì fi hàn mí. Ó ní kí n ra èyí tó lápá, torí ọwọ́ ni yóò máa gbé mi dìde, kí n yé retí orúnkún. Ó ní kí n tẹ̀ díẹ̀ ní rùkúù, kí n tẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi ìforíkanlẹ̀, kí n má ṣe sáré. Ó ní ọdún kan gbáko ni òun fi sunkún nílé kí òun tó gbé àga jáde, nítorí ẹnu mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo gbé àga pupa tèmi wọ mọ́ṣáláṣí. Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin rín, ààfáà kan wúkọ́ sí wa látẹ̀yìn aṣọ ìkélé lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹjọ́ ti di ti kóòtù gíga, adájọ́ ti di méjì. Mo gbà á bẹ́ẹ̀, mo ti jẹ gbèsè rẹ̀. Mo kírun mi parí, mo fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, mo dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù mẹ́jọ tí mo fi rá nílẹ̀, ohun tó máa tán an kò ju ohun tí wọ́n fi rọ́bà ṣe lọ.

Ọjọ́ Àìkú pé. Mùbárákù dé tòun ti ọkọ̀ akẹ́rù kan lẹ́yìn. Ó jókòó, ó ní kí Oyèníkẹ́ ka ohun tó kọ. Oyèníkẹ́ ṣí ìwé, ó wojú mi. Mo ní kó pa á dé.

"Mùbárákù, irọ́ ni mo pa fún Mùrí. N kò ṣe àdúà kankan lọ́jọ́ yẹn. Orúnkún mi ni kò gbé mi dìde, oṣù mẹ́jọ rèé."

Ó fi ọwọ́ lu itan. Ó ní ohun tí òun ti ń sọ nìyẹn, ó sì pe Mùrí kó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Mùrí ti gbé odó dání. Mo ní kó gbé e kalẹ̀, mo ní ìbéèrè díẹ̀ fún ọmọ mi. Mo bi í pé ta ló fọ ṣòkòtò tó wọ̀. Ó ní Haneefah. Ta ló lọ̀ ọ́? Haneefah. Ta ló bá a wá fìlà láàárọ̀ yìí? Ó fi ọwọ́ kan fìlà náà, a sì mọ̀ ọ́n. Tí Haneefah bá rìnrìn àjò ńkọ́, ta ní ń dáná? Ó ní àwọn máa ń rà á jẹ. Mo ní kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ. Mo ní ta ló ń gé èékánná ẹsẹ̀ yẹn, nígbà tó jẹ́ pé ikùn kì í jẹ́ kó rí i? Mùrí kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kò lè gé èékánná ara rẹ̀, ẹnì kan ò gbé e sórí àga onítáyà. Nǹkan kan ló kọ̀ fún èmi, mo sì ti wá nǹkan sí i. Bí o bá gbé mi lọ, gbogbo èyí tó kù ni yóò kọ̀. Orúnkún mi ló kọ̀, Mùbárákù, èmi kọ́."

Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí Mùrí pe òun, òun rò pé mo ti kú, òun kò lè rántí ìgbà tí òun wá kí mi kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ mú mi láyà. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ mi: bí omijé bá ti já lójú mi, ẹrù ti wọ ọkọ̀ nìyẹn. Mo ní kó gbọ́ ohun tí màá ṣe. Màá máa jókòó kírun. Wọ́n á ri irin sí ògiri balùwẹ̀ tí màá máa dì mú. Fóònù yóò máa wà lọ́rùn mi nínú àpò. Mùrí yóò máa kan fèrèsé láàárọ̀ bó bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, bí mo bá bú u, kó mọ̀ pé ara mi le. Ọjọ́ tí n kò bá bú u, kó pè yín.

Mùbárákù yí sí Oyèníkẹ́, ó ní ìwọ tó o mọ iṣẹ́, kí lo wí sí i?

Oyèníkẹ́ kò tíì nàró dáadáa. Ó ní, "Ọ̀gá, gbogbo àwọn tí mo ti ń tọ́jú, èmi ni mò ń fi òrí ra wọ́n lẹ́yìn. Èyí, òun ló fi òrí ra mí."

Akẹ́rù ń fọn fèrè níta pé àkókò ń lọ. Mùbárákù wọ bàtà rẹ̀, ó tó ìṣẹ́jú kan kí ẹsẹ̀ tó wọlé. Ó ní kò burú, oṣù mẹ́ta. Òun yóò máa yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀, lọ́jọ́ tí òun bá sì bá mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Mo ní mo gbà. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ ti ògiri dìde, ó gbé Oyèníkẹ́ jókòó sórí àga onítáyà, ó tì í lọ bá ọkọ̀, torí ìbàdí obìnrin náà kò tíì gbà á.

Mo tẹ̀lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Mùbárákù ti wọ ọkọ̀ tán kí n tó rántí èyí tó kù, mo wá fi ọwọ́ pè é.

"Bó o bá dé, má kàn wọlé. Kan ilẹ̀kùn. Bó bá sì pẹ́ kí n tó ṣí i, dúró síbẹ̀. Mò ń bọ̀ ni."